Ẹni mẹ́ta rí àṣìṣe náà, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀: báwo lẹ ṣe ń mú kí òṣìṣẹ́ yín jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀?

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Utako kọ:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì tó kí n gbé e síwájú yín.

Ilé ìtẹ̀wé kan ni mò ń bójú tó ní Utako níbí. Òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ló wà lábẹ́ mi: Yorùbá méjì, Ìgbò méjì, ọmọ Tiv méjì tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ agùnbánirọ̀, ọmọ Gbagyi kan tí wọ́n bí sí Àbújá yìí gan-an, àti Mallam tó ń gé ìwé, ará Kano.

Ìjọ kan gbé iṣẹ́ kàlẹ́ńdà 2026 wá, 3,000 ẹ̀dà. Ọmọ tó ń ṣe dìsáìnì gbé fáìlì ọdún 2024 tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ó tún un ṣe. Ẹ sì mọ̀ pé oṣù kejì ọdún 2024 ní ọjọ́ 29. Ti 2026 ò kọjá 28. Ó tún gbogbo nǹkan yòókù ṣe, ó gbàgbé ọjọ́ 29 yẹn síbẹ̀. Àbámẹ́ta ni ọjọ́ 28 bọ́ sí, ni 29 tí kò sí bá lọ jókòó sórí Àìkú, oṣù kẹta wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ọdún tó kù ló fi ọjọ́ kan ṣáko, títí dé December.

A ti tẹ̀ ẹ́ tán, a ti gé e, a ti kan irin sí i lórí. Àlùfáà tó wá kó o ló ṣí ọ̀kan lórí tábìlì mi. Ó fi ìka ka oṣù kejì, ó ka oṣù kẹta, ó yọ fóònù rẹ̀, ó tún un kà. Kò pariwo. Ó kàn fi ọwọ́ ti kàlẹ́ńdà náà sọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó dùn mí ju owó lọ nìyí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, mo rí i pé ẹni mẹ́ta ti rí i ṣáájú. Agùnbánirọ̀ rí i kí wọ́n tó ṣe pléètì. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ rí i nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Mallam ń wo ìgbà tí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ lè bọ́ sí, ó rí i pé Àbámẹ́ta la fi ọjọ́ 20 oṣù kẹta sí, Jímọ̀ ló sì wà nínú fóònù rẹ̀. Ó ń gé e lọ. Ìdáhùn kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi: "Mo rò pé ẹ ti rí i, mà."

Inú yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa ti ń ṣiṣẹ́ o. A máa ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin tí ọwọ́ tiyín jọ ní ti òótọ́, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá_Lugbe kọ:

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Owó kékeré kọ́ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lè korò. Yọ owó náà lára owó oṣù àwọn mẹ́ta tó rí i tí wọ́n dákẹ́. Ẹni tó ṣe àṣìṣe, ó lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló fò ó. Ẹni tó rí i tó panu mọ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì wà lára àwọn tó kó ẹrù wá láti Èkó nígbà tí ìjọba ṣí wá síbí ní December 1991. Nígbà tiwa, bí fáìlì bá gba ọwọ́ rẹ kọjá, wàá kọ ohun tí o rí sínú rẹ̀, wàá buwọ́ lù ú. Bí o bá rí nǹkan tí o ò kọ ọ́, kúẹ́rì á bá ọ lórí tábìlì. Ìyẹn ló ń mú kí èèyàn lajú.

Nọ́ọ̀sì_Kano kọ:

Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ má bínú pé mi ò fara mọ́ ti owó yíyọ yẹn.

Yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo wà ní Kano, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, owó ni wọ́n máa ń yọ. Àṣìṣe ò dín kù níbẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ nípa àṣìṣe ló dín kù. Bí ìgò oògùn bá fọ́, wọ́n á ti gbá a mọ́lẹ̀ kí Mátírọ́ọ̀nù tó yọjú. Ta ló fẹ́ sọ ohun tí wọ́n máa fi jẹ owó oṣù rẹ̀?

Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Amy Edmondson, tó ṣèwádìí lórí àṣìṣe oògùn ní àwọn ilé ìwòsàn láàárín ọdún 1990 sí 2000. Ó rò pé wọ́ọ̀dù tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá mọwọ́ ara wọn ni àṣìṣe ibẹ̀ máa kéré jù. Ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí fi òdìkejì hàn: àwọn wọ́ọ̀dù tó dára ni àṣìṣe tó wà lákọsílẹ̀ pọ̀ sí jù. Nígbà tó wò ó dáadáa, ó yé e pé wọn ò ṣàṣìṣe ju àwọn tó kù lọ. Wọ́n ń sọ ọ́ ni. Ní wọ́ọ̀dù tí ẹ̀rù wà, wọ́n ń bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Utako, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwa ń ṣe, bóyá ẹ lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Lọ́dún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde fún iṣẹ́ abẹ, kò ju ojú ewé kan lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní ká dúró: kí a tó kun aláìsàn lóorun, kí ọ̀bẹ tó kan ara, àti kí aláìsàn tó kúrò nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Kí ọ̀bẹ tó kan ara yẹn, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ló máa dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ tó wá ṣe, àti dókítà àgbà àti ẹni tó ń gbé irinṣẹ́. Wọ́n dán an wò ní ìlú 8, Ifakara ní Tanzania wà lára wọn, London náà wà níbẹ̀. Nínú 1,000 aláìsàn, àwọn tó ń kú lọ sílẹ̀ láti 15 sí 8. Ọdún 2009 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, mo rò pé eré ọmọdé ni. Ṣé mi ò mọ orúkọ ẹni tí mo ti bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta ni? Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó yé mi. Ẹni tó bá ti la ẹnu lẹ́ẹ̀kan láti dárúkọ ara rẹ̀, kò ní ṣòro fún un láti là á lẹ́ẹ̀kejì láti sọ pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró, ẹsẹ̀ òsì ni." Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, láti ẹnu ọmọ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́rin.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ bi àwọn èèyàn yín ohun tó dí wọn lẹ́nu. Ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò.

Fọ́máànù_Gwarinpa kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo ilé. Iṣẹ́ ìkọ́lé ni tèmi, bíríkìlà mẹ́rìnlá àti lébìrà.

Èmi ò rò pé ẹ̀rù nìkan ni. "Mo rò pé ẹ ti rí i", ẹ tún un kà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ẹlòmíì ni. Ọmọ Faransé kan wà, Ringelmann, onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó ní kí àwọn ọkùnrin fa okùn, ó ń wọn agbára wọn. Lọ́dún 1913 ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹnì kan bá dá fà á, ó lo 100 nínú 100. Bí wọ́n bá di méjì, agbára ẹnì kọ̀ọ̀kan di 93. Nígbà tí wọ́n pé mẹ́jọ, 49 ló kù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ o, iye òṣìṣẹ́ yín gẹ́lẹ́! Apá kan nínú rẹ̀ ni pé èèyàn púpọ̀ kì í lè fà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, wọ́n di aṣọ mọ́ àwọn kan lójú, wọ́n sọ fún wọn pé èèyàn wà lẹ́yìn wọn tó ń bá wọn fà á, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn wọn kàn ń ṣe bí ẹni ń fà á ni, wọn ò fà á. Agbára tí wọ́n fi ń fà á ṣì já wálẹ̀. Ìrònú pé ẹlòmíì ń bá wọn fà á ló tú wọn lọ́wọ́.

Bàbá mi àgbà ní oko ní ìtòsí Ìkìrun. Àáró ni wọ́n ń ṣe: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Mo bá wọn lọ nígbà ọmọdé. Bí ọkùnrin mẹ́wàá bá dé oko, wọn kì í kàn bẹ̀rẹ̀ sí í roko káàkiri. Poro ni wọ́n máa kọ́kọ́ pín. Ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró ní orí poro tirẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pọ̀, orin sì ń lọ. Nírọ̀lẹ́, ẹni tó bá gbójú sókè á rí poro ẹni tó mọ́ àti ti ẹni tí kò mọ́. Kò sẹ́ni tó máa bú ẹnikẹ́ni. Poro ti sọ̀rọ̀.

Tèmi nìyẹn, mà. Ta ló ni ọjọ́ àti déètì nínú iṣẹ́ yín? Ta ló ni orúkọ àti sípẹ́lì? Bó bá jẹ́ gbogbo yín lẹ ni ín, ewúrẹ́ tí gbogbo ilé jọ ni lọ̀rọ̀ náà, ebi ló máa pa á. Èmi pín ilé tí mò ń kọ́ sí ògiri-ògiri, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹni tó mọ ọ́n sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Láti ìgbà yẹn, àwọn fúnra wọn ló ń yá ìwọ̀n okùn lọ́wọ́ mi.

Ará_Kaduna kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan, ẹ má bínú sí i. Èdè wo lẹ ń sọ ní ibi iṣẹ́?

Kaduna ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, mo wá ń ṣiṣẹ́ ní Jabi báyìí. Àwa Yorùbá tí a wà lókè ọya níbí, bí a bá ti pé méjì, Yorùbá ló máa jáde lẹ́nu wa. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ lójú wa. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó nínú ọ́fíìsì tí mo ti jẹ́ èmi nìkan tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, mo mọ bó ṣe rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, o rò pé ìwọ ni. Wọ́n sọ̀rọ̀ iṣẹ́, o rò pé wọ́n ti parí ẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹ ní òṣìṣẹ́ Yorùbá méjì. Àwọn mẹ́fà tó kù, tí wọ́n bá ń rí i tí ẹ̀yin àti àwọn méjì yẹn ń sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ, kí ni wọ́n máa rò? Wọ́n á rò pé "wọ́n ti rí i" ni.

Ti Mallam tún yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa nílẹ̀ Hausa kò ní dìde láàárín èèyàn kó sọ pé iṣẹ́ ọ̀gá òun ò dára. Kunya ni wọ́n ń pè é, àwa náà sì ní tiwa. Ẹ má retí pé kó pariwo ẹ. Ẹ lọ bá a nídìí ẹ̀rọ ìgéwé ẹ̀ láàárọ̀, ẹ kí i ní "sannu da aiki", ẹ dúró díẹ̀, ẹ bi í pé kí lo rí lánàá. Òun nìkan ló ń fọwọ́ kan gbogbo ìwé tó ń jáde níbẹ̀, kò sí ìwé tí ojú rẹ̀ kì í kọjá lórí ẹ̀.

Jabi_Oníkọ̀ǹpútà kọ:

Mo gbè sẹ́yìn Nọ́ọ̀sì. Google náà yẹ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bíi 180 wò láti 2012, wọ́n ń wá ohun tó ń mú kí ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Kì í ṣe pé kí ẹ kó àwọn ọlọ́pọlọ pípé jọ. Ohun tó wà lókè pátápátá ni pé ẹnikẹ́ni lè sọ̀rọ̀, tàbí kó bèèrè ohun tí kò yé e, láìsí ìtìjú. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e ni ti Fọ́máànù: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, kí ojúṣe rẹ̀ sì yé e. Méjèèjì ló yẹ kó wà.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Utako kọ:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an.

Nọ́ọ̀sì, mo bi wọ́n léèrè bí o ṣe sọ. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sí ìta, lábẹ́ igi dogoyaro, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì. Ohun tí agùnbánirọ̀ sọ ló mú mi lómi. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí òun dé, òun gbọ́ tí mo ń bá ọmọ Gbagyi tó ń di ìwé wí. Mo rántí ọjọ́ náà. Oníbàárà wà níbẹ̀, ọmọ náà gbé ìwé kan wá, ó ní bóyá orúkọ tó wà lára rẹ̀ kò pé. Ọwọ́ mi dí, ojú sì ń tì mí lójú oníbàárà. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?" Ó gbé ìwé náà kalẹ̀, ó kúrò. Orúkọ náà kò pé lóòótọ́. Èmi ni mo sì lọ tún un ṣe lẹ́yìn tí ó ti lọ, mi ò sọ fún un. Gbogbo ilé ló gbọ́ ohun tí mo sọ sí i, kò sẹ́ni tó gbọ́ pé òun ló jàre. Mallam náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, Bàbá, mi ò lè yọ owó wọn. Èmi ni mo kọ́ wọn láti dákẹ́.

Ará_Kaduna, òótọ́ lo sọ nípa Yorùbá. Mi ò tilẹ̀ kíyè sí i.

Bàbá_Lugbe kọ:

Ọmọ mi, o ti sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò lè sọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ owó kúrò nílẹ̀.

Jẹ́ kí n mú ohun kan wá látinú fáìlì tí mo sọ, nítorí èmi fúnra mi ò rò ó jinlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nínú fáìlì ìjọba, ẹni tí ipò rẹ̀ kéré tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kọ èrò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá pátápátá ló ń kọ kẹ́yìn. Bí ọ̀gá bá kọ́kọ́ kọ, ta ló máa kọ ohun tó yàtọ̀ sí i? Nígbà tí a dé Àbújá, ọ̀pọ̀ wa ló fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ l'Ékòó, a jọ ń se oúnjẹ ni, ọ̀gá àti mẹ́sẹ́ńjà. Síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́, mẹ́sẹ́ńjà ò ní sọ̀rọ̀ lójú ọ̀gá tó bá ti sọ tirẹ̀ tán. Àjọjẹ yẹn ò tú u lẹ́nu. Fáìlì ló máa ń tú ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu, torí ó ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀gá tó fọwọ́ kan bírò.

Jẹ́ kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ìwọ sọ tìrẹ kẹ́yìn.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Utako kọ:

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ Gbagyi yẹn, lójú gbogbo wọn, torí ojú gbogbo wọn ni mo ti bá a wí. Ọkàn mi lu kìkì. Ó kàn wolẹ̀, ó ní kò sí wàhálà, mà. Lọ́jọ́ kejì ló tó rẹ́rìn-ín sí mi.

Ohun tí a wá ń ṣe nìyí. Bí ìwé àkọ́kọ́ bá ti bọ́ lórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á dúró. A ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì ìgéwé. Ọmọ Gbagyi ló ń kọ́kọ́ kà á, torí òun ló kéré jù: àwọ̀ àti àwòrán ni poro tirẹ̀. Agùnbánirọ̀ ló ni orúkọ àti sípẹ́lì. Mallam ló ni gbogbo nọ́ńbà: ọjọ́, fóònù, iye owó. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á buwọ́ lù ú pẹ̀lú bírò pupa, èmi ni mo ń buwọ́ lù ú kẹ́yìn. Mo sì sọ fún àwọn méjì tèmi pé nídìí ẹ̀rọ, òyìnbó tàbí píjìn ni ká máa sọ. Kí Yorùbá dúró de oúnjẹ ọ̀sán. Ó ṣòro fún mi ju bí mo ṣe rò lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó wà lórí ẹ̀rọ. A ti buwọ́ lù ú, ẹ̀rọ ti ń lọ. Mallam sáré dé, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní ká dá a dúró. Ó ní Àbámẹ́ta la kọ síbẹ̀, Ọjọ́rú sì ni ọjọ́ 14. Ẹ̀rọ dákẹ́. Gbogbo wọn yíjú sí mi, kì í ṣe sí ìwé náà. Mo gba fóònù rẹ̀ wò: oṣù kìíní tí a wà nínú rẹ̀ ló ń wò, 14 February sì ni ìgbéyàwó. Àbámẹ́ta ni lóòótọ́. Ìwé wa ò ní àṣìṣe kankan, àkókò ti lọ, oníbàárà sì ń dúró níta.

Mo ní, "Na gode, Mallam. Bí o bá tún rí òmíràn lọ́la, dá a dúró." Mo sì ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́bọ̀, ọmọ Yorùbá tó wà nídìí ẹ̀rọ, ẹni tó rí kàlẹ́ńdà tó dákẹ́, fúnra rẹ̀ pa ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Nọ́ńbà àkáǹtì tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé owó ilé ìwé kan jẹ́ mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá ló yẹ kó jẹ́. Ojú gbogbo àwa tó buwọ́ lù ú ti fò ó, Mallam náà wà níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ṣeun.

Nọ́ọ̀sì_Kano kọ:

Ẹ̀gbọ́n mi, omi fẹ́ bọ́ lójú mi níbi tí gbogbo wọn ti yíjú sí yín yẹn. Kí lẹ wá ṣe sí 3,000 kàlẹ́ńdà náà?

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Utako kọ:

Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ san owó títún un tẹ̀, ìjọ náà sì rí tiwọn gbà kí ọdún tuntun tó wọlé. Ti àtijọ́ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, torí náà Mallam gé e sí ìwé kékeré, àwọn yòókù bá a dì í. A kó o lọ fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Mararaba, ibẹ̀ ni ọmọ Mallam ń lọ. Ó ní ìṣirò ni wọ́n ń fi ṣe.